Ọmọ mi fẹ́ wọ CM1 ní Kétu: kí ni kí n máa retí?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́. Ọmọbìnrin mi ń ti Èkó bọ̀, Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni yóò ti wọ CM1 (kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀). Ó gbọ́ Faransé díẹ̀, àmọ́ kíkọ rẹ̀ ṣì le fún un. Ṣé àpèkọ ni wọ́n ń tẹra mọ́ jù, àbí gírámà àti àròkọ? CEP, ìdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọn ó ṣe lópin CM2 (kíláàsì kẹfà), ló ń já mi láyà.

Ìtàn ńkọ́? Ó mọ Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, ó mọ̀ pé ogun Dàhọ̀mì fọ́ ìlú wa lọ́dún 1886 (bàbá rẹ̀ àgbà kì í jẹ́ ká sinmi lórí ìyẹn). Ṣé wọ́n ń kọ́ wọn nípa Kétu rárá, àbí Behanzin ọba Dàhọ̀mì àti òmìnira 1960 nìkan? Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti kọjá níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.