Ṣé jàǹdùkú ni hooligan?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kí yín láti Iléṣà.

Mo ka ohun tí ẹ kọ lánàá, pé lédè Yorùbá, kí a máa pe hooligan, àwọn tó ń dá ìjà sílẹ̀ níbi bọ́ọ̀lù, ní "jàǹdùkú orí pápá", kí ẹjọ́ sì parí síbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ta ni jàǹdùkú tí gbogbo wa mọ̀? Ẹni tó dúró sí ìdíkọ̀ tó ń gbowó ipá lọ́wọ́ awakọ̀, tí olóṣèlú ń háyà lásìkò ìbò. Àwọn Inter City Firm, ẹgbẹ́ hooligan tó ń tẹ̀lé West Ham kiri nígbà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló níṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Ọkọ̀ ojú irin InterCity ni wọ́n ń wọ̀ lọ síbi eré, wọn kì í bá èrò ìwòran wọ èyí tí ọlọ́pàá ń ṣọ́. Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Tí wọ́n bá lu ẹnì kan tán, wọn a fi káàdì pélébé sílẹ̀ fún un: a kí ọ kú oríire, o ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé wa ni. Jàǹdùkú wo ló ń tẹ káàdì? Chelsea ní Headhunters, Millwall ní Bushwackers, Leeds ní Service Crew. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n lórúkọ, wọ́n lọ́gàá. Bọ́ọ̀lù kàn ń ṣe àwáwí fún wọn ni.

Hooligan pàápàá kò kọ́kọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù ti ń lò ó láti 1898, wọ́n sì sábà máa ń sọ pé ara orúkọ ìdílé ará Ireland kan ni wọ́n ti yọ ọ́. Àwa Ìjẹ̀ṣà kò ṣàjèjì sí irú èyí. Bàbá wa lọ sin gbèsè aṣọ, ó ní òṣó lòun máa ló títí òun ó fi gbowó òun, ni wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ ní Òṣómàáló. Lónìí, oríkì ni.

Ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ tèmi fún hooligan nìyí. Ní Sátidé tó kọjá, nílé ìwòran kan lẹ́bàá ọjà Àtàkúnmọ́sà, jẹnẹrétọ̀ kú nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ẹnì kan ní ọmọ Arsenal kan ló lọ pa á. Kí a tó ṣẹ́jú, bẹ́ǹṣì ti dojú délẹ̀, àga oníke méjì ti kán. Ìyá tó ń ta mínírà gbá kúlà rẹ̀ mọ́ra, ó ké sí àwọn méjì tó wọ̀yá ìjà: "Ẹ má fi bọ́ọ̀lù bojú o! Ṣé owó fóònù yẹn kọ́ lẹ ń jà lé láti àná?"

Afibọ́ọ̀lùbojú: ọ̀rọ̀ tí mo mú wá nìyẹn. Ṣebí báyìí náà ni afẹ̀míṣòfò ṣe di ọ̀rọ̀ rédíò. Mo ti gbé "afibọ́ọ̀lùjà" yẹ̀ wò, àmọ́ ẹni tí kò mọ̀dí á rò pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń sọ mọ́ ara wọn.

Kì í ṣe gbogbo ìjà ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún o. Ní pápá Heysel, ní Brussels, 29 oṣù karùn-ún 1985, àwọn ọmọ Liverpool ya lu àwọn ti Juventus, ògiri wó, èèyàn 39 kú. Jàgídíjàgan ni mo pe ìyẹn. Ti pápá Hillsborough, ní Sheffield, ní 15 oṣù kẹrin 1989, kì í tilẹ̀ ṣe ìjà, èrò ló fún ara wọn pa. Èèyàn 97 ló bá a lọ. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní àwọn òǹwòran ló fipá já géètì, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n ṣí i. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ilé ẹjọ́ tó sọ ní 2016 pé àwọn òǹwòran kò jẹ̀bi, orúkọ hooligan ni wọ́n fi ń bo òkú wọn. Ìdí tí mo fi ń fẹ́ ọ̀rọ̀ tó há nìyẹn, tí kò ní kó gbogbo ẹni tó wọ jẹ́sì pọ̀.

Ó ku àwọn ẹgbẹ́ olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní ultras ní Ítálì àti barra brava ní Ajẹntínà. Àwọn yẹn fẹ́ràn bọ́ọ̀lù dójú ikú, wọ́n sì tún ń jà. Wọn ò wọnú afibọ́ọ̀lùbojú. Ta ló ní orúkọ fún wọn?