Ta ló lè bá mi gba .com ṣọ́ọ̀bù mi padà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Aṣọ òkè ni mò ń tà ní Ìsẹ́yìn. Ọmọkùnrin tó ṣe wẹ́ẹ̀bù fún wa ní 2019, orúkọ ara rẹ̀ ló fi gba .com wa, ìyẹn àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù wa. Owó mi ni, rìsíìtì ṣì wà lọ́wọ́ mi. A jà, ó bá darí rẹ̀ síbòmíràn. Bí oníbàárà bá tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, aṣọ ẹlòmíràn ló ń rí. Ó dùn mí dé eegun.

Mo mọ̀ pé NiRA ló ń bójú tó .ng, àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù ti Nàìjíríà, .com kò sí lábẹ́ wọn. ICANN, àjọ tó ń ṣàkóso orúkọ wẹ́ẹ̀bù lágbàáyé, ní ìlànà UDRP láti 1999 fún yíyanjú ìjà lórí orúkọ wẹ́ẹ̀bù, ṣùgbọ́n 1,500 dọ́là ni wọ́n ń gbà ní WIPO, àjọ àgbáyé tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, fún adájọ́ kan ṣoṣo! Òfin Cybercrimes (ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì) ti Nàìjíríà ti 2015 ní ẹni tó bá fi èrú gba orúkọ olórúkọ lè fi ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 2 lọ jura.

Ṣé kóòtù Nàìjíríà lè pàṣẹ kí wọ́n dá .com padà? CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀, nìkan la forúkọ sílẹ̀ sí, a ò ní trademark (àmì òwò tí a fi òfin dáàbò bò). Ṣé ìyẹn á dí mi lọ́wọ́? Ọ̀dọ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ lọ, lọ́yà, ọlọ́pàá, àbí ilé iṣẹ́ tó ta orúkọ náà fún un?