Òòfà ilẹ̀ (agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan mọ́ra) nínú ilé wa: ẹ wá sọ bí ti ọ̀dọ̀ yín ṣe rí

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná lọ, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń jẹ àgbálùmọ̀. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún 6. Kẹ́hìndé tu kóró kan sílẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí kò lọ sókè?" Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé "òòfà ilẹ̀ ni," kí n sì máa bá àgbálùmọ̀ mi lọ. Àmọ́ bí wọ́n ṣe dá èmi náà lóhùn ní kékeré nìyẹn, orúkọ yẹn nìkan ni mo sì mọ̀ títí mo fi bímọ.

Mo mú ọsàn sí ọwọ́ ọ̀tún, kóró àgbálùmọ̀ sí ọwọ́ òsì, mo gbé méjèèjì sókè lọ́gbọọgba, mo ní èwo ló máa kọ́kọ́ balẹ̀? Táíwò ní ọsàn ni. Kẹ́hìndé ní wọ́n jọ ń bọ̀ ni. Kí n má parọ́ fún yín, ẹ̀yìn Táíwò ni mo wà nínú ọkàn mi. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Ojú ò bá a! Ohun tó bá já láti ìwọ̀n mítà 1 kì í lò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kó tó balẹ̀. Kálukú ń jà pé tòun ló ṣẹ. Ni mo bá lọ gbé tírè onírin tí mo fi ń gbé oúnjẹ, mo dojú rẹ̀ dé sílẹ̀, mo ní kí wọ́n dijú, kí wọ́n fetí sílẹ̀. Gbàà! Ìró kan ṣoṣo. A ṣe é nígbà márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kan péré la gbọ́ ìró méjì, ọwọ́ mi ni kò ṣí pọ̀.

Táíwò ò gbà. Ó ya ewé kan nínú ìwé rẹ̀, ó fi ewé ìwé náà àti ọsàn sílẹ̀ pọ̀, ìwé ń fì síhìn-ín, ó ń fì sọ́hùn-ún. Ó ní, "Ẹ ò rí i?" Mo gba ìwé náà, mo fún un mọ́ra bí òkèlè àmàlà, mo ní kó tún ṣe é. Wọ́n jọ balẹ̀. Ìgbà náà ló wá béèrè ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́: "Ṣé bẹ́ ẹ ṣe fún un yẹn ti jẹ́ kó wúwo sí i ni?"

Mo ronú títí. Mo fi òwú so họ́ńgà aṣọ rọ̀ sórí ìṣó, mo fi pẹ́ẹ̀gì kan há ewé ìwé títẹ́ sí apá kan, mo fi ìkejì há èyí tí mo fún mọ́ra sí apá kejì. Inú ìwé kan náà ni mo ti ya méjèèjì. Họ́ńgà dúró déédéé, kò tẹ̀ síbì kankan. Táíwò dákẹ́, ó wá ní, "Afẹ́fẹ́ ló ń gbé èyí tó tẹ́ yẹn lọ́wọ́." Ẹnu rẹ̀ ló ti jáde o, kì í ṣe tèmi.

Bàbá Rẹ̀mí (London)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ò lè yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú pálọ̀ mi, mo bá fi fídíò han ọmọ mi. Lọ́dún 1971, David Scott, ọ̀kan nínú àwọn tó bá ọkọ̀ òfuurufú Apollo 15 lọ, dúró lórí òṣùpá, ó mú òòlù lọ́wọ́ kan, ìyẹ́ àṣá lọ́wọ́ kejì, ó fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Wọ́n jọ balẹ̀ ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ rí kọ́ ló rí. Ó ní, "Dádì, wọn ò yára." Òótọ́ ni! Òòfà òṣùpá fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdá kan nínú mẹ́fà ti ayé wa lọ. Kílò 18 lọmọ náà wọ̀n. Mo gbé ike omi lítà 3 lé e lọ́wọ́, mo ní bó o ṣe máa fúyẹ́ tó nìyí bí mo bá gbé ọ lórí òṣùpá. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹsẹ̀ bá ti ń ro ó lọ́nà ilé, á ní ká yà sórí òṣùpá kí n lè pọ̀n òun.

Ìyá Àkànní (Ìlọrin)

Ẹ ṣọ́ra o! Èmi kọ́ tèmi ní ti ọsàn yẹn, inú mi dùn, mo wọ kíṣìnì lọ. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé, ọmọ náà sì jẹ́ ọmọ ọdún 4. Kò pẹ́ ni mo gbọ́ igbe nísàlẹ̀. Ó ti kó ẹyin àti ọsàn, ó ń fi wọ́n sílẹ̀ ní méjì méjì láti àárín irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Ìyá onílé sì sá gbodo sórí ẹní nísàlẹ̀. Mo bẹjú wò, ẹyin ti ṣàn bo gbodo. Màmá gbójú sókè, wọ́n ní, "Ìyá Àkànní, kí lẹ̀ ń kọ́ ọmọ yìí?" Kí n tó lanu, ọmọ ti dáhùn: "Màmá, wọ́n jọ balẹ̀!"

Mo san owó gbodo. Ní báyìí, ìbọ̀sẹ̀ tí a ká àti ànàmọ́ là ń lò, inú yàrá sì ni.

Olùkọ́ (Abẹ́òkúta)

Ìyá Àkànní, ẹ pẹ̀lẹ́ o, mo rẹ́rìn-ín títí. Àwọn ìwé wa máa ń fi ìtàn Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nì, àti èso ápù tó já bọ́ lórí igi bẹ̀rẹ̀, ápù tí ọmọ Abẹ́òkúta ò rí lórí igi rí. Máńgòrò ńkọ́?

Ẹ gbìyànjú èyí ní bàlùwẹ̀. Ẹ mú ike omi tí wọ́n ti mu tán, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítòsí ìdí. Ẹ fi ìka dí ihò náà, ẹ bu omi kún un, ẹ má dé e lórí o. Ẹ yọ ìka, omi á máa tú. Ẹ wá bi àwọn ọmọ bóyá omi á ṣì máa tú bí ike bá ń já bọ̀. Gbogbo wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan á ní á tilẹ̀ tú ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ gun àga, ẹ fi ike sílẹ̀ sínú ọpọ́n ńlá. Omi á dá wáí títí ike á fi balẹ̀! Bí fóònù yín bá lè ka fídíò tó ń falẹ̀, ẹ ká a.

Ìgbà tí mo di ike mú, omi ń tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, ó ń wá ibi gbà jáde. Ìgbà tí wọ́n jọ ń já, omi ò tẹ ike mọ́. Ọ̀rọ̀ ọsàn àti kóró yẹn náà ni. Ọmọ ọdún 5 kan ní, "Omi ti gbàgbé pé ihò wà." Mi ò tíì rí ẹni tó sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn)

Olùkọ́, ẹ gbà mí o. Kẹ́hìndé tún dé: bí ilẹ̀ bá ń fa gbogbo nǹkan, kí ló dé tí èéfín ń lọ sókè?

Olùkọ́ (Abẹ́òkúta)

Ẹ da òróró sínú kọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ wá bu omi lé e, kí wọ́n wo èyí tó máa bọ́ sísàlẹ̀. Ilẹ̀ ń fa méjèèjì, àmọ́ bí wọ́n bá kún ìwọ̀n kan náà, omi ló wúwo jù, òun ló máa ti òróró sókè. Bí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó gbé èéfín ṣe rí náà nìyẹn: ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ.

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn)

A ti ṣe é, epo pupa la lò, òróró ti tán nílé. Ó rí bẹ́ ẹ ṣe wí. Àmọ́ Táíwò ti bu iyọ̀ sí i o, epo wá ń rì lẹ́kán lẹ́kán, ó tún ń gòkè padà. Olùkọ́, ṣé ẹ ò tíì sùn?