Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí ilé-iṣẹ́ wa ṣe onígbọ̀wọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù?

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe omi inú ọ̀rá àti ti inú ike n'Íbàdàn ni mo wà, èmi ni mò ń bójú tó ìpolówó. Ẹgbẹ́ kan tó ń gbá NPFL, líìgì bọ́ọ̀lù tó ga jù ní Nàìjíríà, kọ̀wé sí wa pé ká wá ṣe onígbọ̀wọ́ àwọn fún sáà kan, kí orúkọ wa wà láyà jẹ́sì. Ọ̀gá wa ti ń wá bíírò, torí láti kékeré ni wọ́n ti ń fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà. Àmọ́ owó ìpolówó ọdún kan ló máa gbé lọ. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sọ̀rọ̀?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò mi, ta ló ń ra omi yín? Bó bá jẹ́ àwọn alásè òde àríyá ló ń kó èyí tó pọ̀ jù, láyà jẹ́sì kọ́ ni wọ́n ti máa rí yín. Lọ sí pápá lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ náà bá gbá bọ́ọ̀lù nílé. Dúró lẹ́nu géètì, kí o wo omi tí àwọn ọmọ tó ń kiri rù. Bí ẹ bá rí i gbà pé omi yín nìkan ni wọ́n á máa tà níbẹ̀, ó sàn ju jẹ́sì lọ lójú tèmi.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ìfẹ́ ọ̀gá yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ọdún 2012 ni Chevrolet, ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ General Motors (GM) ń ṣe, bá Manchester United ṣàdéhùn láti gbé orúkọ ẹ̀ sáyà jẹ́sì fún ọdún méje, mílíọ̀nù dọ́là 559. Lóṣù Keje ọdún yẹn náà ni ọ̀gá ìpolówó GM tó wà nídìí ẹ̀ kúrò níbẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2013, GM kéde pé àwọn máa kó Chevrolet kúrò ní ọ̀pọ̀ ọjà Yúróòpù. Jẹ́sì ọ̀hún ò tíì jáde nígbà yẹn! Lóòótọ́, wọ́n ní àwọn olólùfẹ́ tó wà ní Éṣíà làwọn ń wò, síbẹ̀ ó dùn mí.

Àǹtí Oníṣirò: Ẹ má kó gbogbo owó fún ẹgbẹ́. Ẹ máa ná òmíràn sórí pátákó, rédíò àti ẹ̀bùn kí aráyé tó mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹ tún bèèrè bóyá wọ́n ń san owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù déédéé. Bí ẹgbẹ́ bá jẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù lówó tí wọ́n fẹ̀hónú hàn, jẹ́sì tó ní orúkọ yín ni wọ́n máa wọ̀ ya fọ́tò.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ omi títà yẹn, ṣé ẹgbẹ́ ni ká bá sọ ọ́ mà?

Ìyá Ìbejì: Ẹgbẹ́ àti ẹni tó ni pápá. Pápá ìjọba ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Gba lẹ́tà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kí ẹ tó san kọ́bọ̀.