Ṣé dídá rìn dé Santiago lè jẹ́ kí n mọ ohun tí mo fẹ́ fi ìyókù ayé mi ṣe?

Nọ́ọ̀sì Leeds béèrè:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Leeds, àwọn ọmọ mi sì ti wà nílé tiwọn. Láti ìgbà ọmọge mi ni iṣẹ́, ọmọ àti ìjọ ti ń sọ ohun tí n óò ṣe láàárọ̀ fún mi. Ní báyìí tí ẹnikẹ́ni kò pè mí sí nǹkan kan mọ́, mo máa ń jókòó sétí ibùsùn láìmọ ìdí tó fi yẹ kí n dìde. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ ló sọ fún mi nípa ọ̀nà Santiago ní Sípéènì, ọ̀nà àwọn onírìn-àjò ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ láti Saint-Jean-Pied-de-Port nílẹ̀ Faransé, tó sì gùn tó nǹkan bí 780 kìlómítà kí ó tó dé ilé ìjọsìn ńlá tí wọ́n gbà pé ibojì Jákọ́bù ọmọ Sébédè wà.

Mo fẹ́ rìn ín, mo sì fẹ́ dá rìn ín. Àwọn ọmọ mi ní kí n dúró títí ẹnì kan yóò fi lè bá mi lọ. Àbúrò mi ní Ìbàdàn tilẹ̀ bi mí bóyá owó ọkọ̀ ni n kò ní. Ẹ̀yin tí ẹ ti dá rìn jìnnà rí, ṣé ó yí nǹkan kan padà nínú yín ní tòótọ́, àbí ó kàn rẹ̀ yín lásán ni? Ṣé kí n sì rin gbogbo rẹ̀, àbí kí n bẹ̀rẹ̀ láti Sarria, níbi tó ku ohun tó lé díẹ̀ ní 100 kìlómítà?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Croydon fèsì:

Màmá, ẹ kú làálàá ọjọ́ gbogbo. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ni mo dá rin ọ̀nà yẹn láti Saint-Jean dé òpin. Ó yí mi padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí mo ti rò. Mo rò pé ìdákẹ́jẹ́ ni yóò ṣe iṣẹ́ náà, àfi bí ó ṣe jẹ́ pé ìbéèrè kan tí gbogbo ènìyàn ń bi ara wọn lójú ọ̀nà ló ṣe é: kí ló dé tí ẹ fi ń rìn? Wọn kì í béèrè iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe tàbí ilé tó kọ́. Ní Roncesvalles, níbi tí a sùn lálẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a ti gun òkè Pyrenees kọjá, mo sọ fún ọkùnrin ará Kòríà kan pé mo fẹ́ sinmi ni. Nígbà tí mo fi dé Burgos, mo ti ń sọ pé inú ló ń bí mi sí àwọn tó dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kí n tó dé León, mo sọ fún ìyá kan ará Jámánì pé n kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, pé kí bàbá mi lè fi mí yangàn ni mo ṣe kọ́ ọ. N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ìyàwó mi. Ó rọrùn láti sọ òótọ́ fún ẹni tí kò mọ ìdílé ẹni, tí kò sì ní ibi tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Bí ẹ bá bá ọmọ tàbí ọ̀rẹ́ yín lọ, ẹni tó ti mọ èsì yín tẹ́lẹ̀ yóò máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní gbogbo ìgbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ọn pé kí ẹ dá lọ. Ní Santiago pàápàá, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n tún béèrè lọ́wọ́ mi bóyá nítorí ẹ̀sìn, nítorí ọ̀ràn ẹ̀mí tàbí nítorí nǹkan mìíràn ni mo ṣe rìn, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè dáhùn.

Bí ara yín bá gbé e, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti Sarria. Láàárín Burgos àti León ni ilẹ̀ títẹ́jú kan wà tí wọ́n ń pè ní Meseta, ó tó nǹkan bí 200 kìlómítà. Oko àlìkámà ló wà lọ́tùn-ún lósì, igi kò pọ̀, oòrùn sì ń mú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọ bọ́ọ̀sì fò ó, wọ́n ní kò sí ohun tí a lè wò níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Ibẹ̀ ni mo ti ń bá ọ̀gá mi àtijọ́ jà nínú ọkàn mi, tí mo ń wí, tí mo tún ń dá ara mi lóhùn, títí ọ̀rọ̀ fi tán. Ìgbà tó tán ni mo tó rántí pé láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn àtimáa kọ́ ọmọdé ní ìṣirò. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn báyìí. Owó rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀, a sì ti kó lọ sí ilé tó kéré.

Ní ti àbúrò yín, ẹ rán an létí pé àwọn òṣómàáló ìlú wa, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn, náà fẹsẹ̀ rìn láti abúlé dé abúlé tàwọn ti ẹrù aṣọ. Òótọ́ ni pé àwọn ti mọ ìdí tí wọ́n fi ń rìn kí wọ́n tó jáde nílé, tí àwa sì ń wá ìdí náà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tó lọ gba gbèsè àti ẹni tó lọ wá ohun tó sọnù, àwọn méjèèjì ló ní ohun tí wọ́n ń wá.

Arìnnà láti Dublin fèsì:

Mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí ẹ̀gbọ́n wí, ṣùgbọ́n n kò gbà pé Sarria kéré. Èmi tí ìsinmi mi kò pọ̀, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀nba ọjọ́ yẹn sì tó láti fi hàn mí pé mo lè dá nǹkan ṣe láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Màmá, ẹ ó rí ọfà aláwọ̀ ìyeyè lára ògiri, igi àti òkúta. Àlùfáà abúlé O Cebreiro tó wà lójú ọ̀nà náà, Elías Valiña, ló bẹ̀rẹ̀ sí kùn ún ní 1984, ẹ kò sì ní ṣìnà bí ẹ bá ń tẹ̀ lé e. Ènìyàn pọ̀ lójú ọ̀nà, nítorí àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí ní 2023 lé ní 440,000. Síbẹ̀, wọ́n pa obìnrin kan tó ń dá rìn nítòsí Astorga ní 2015, nítorí náà ẹ má yà kúrò lójú ọ̀nà bí ó bá dá, kí ẹ sì fi nọ́ńbà pàjáwìrì, 112, sórí fóònù yín. Kí ẹrù ẹ̀yìn yín má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara yín lọ. Kí bàtà yín tóbi díẹ̀ ju èyí tí ẹ ń wọ̀ lọ, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú, ìléròrò ló sì ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà. Láti oṣù kọkànlá títí di òpin oṣù kẹta, wọ́n máa ń ti ọ̀nà orí òkè tó jáde láti Saint-Jean. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ tó gba abúlé Valcarlos kọjá ni wọ́n ń gbà nígbà náà.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ ni bí ilé yóò ti rí nígbà tí mo bá padà. Lójú ọ̀nà, òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀: dìde, di ẹrù, tẹ̀ lé ọfà. Nílé, kò sí ọfà. Òwúrọ̀ tí ẹ sọ pé ẹ máa ń jókòó sétí ibùsùn yẹn yóò máa dúró dè yín. Èrò tèmi ni pé kí ẹ ti ṣèlérí nǹkan kan fún ẹnì kan kí ẹ tó lọ, ìbáà ṣe kékeré, tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá dé.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Bradford fèsì:

Màmá, ẹ kọ́kọ́ dán ara yín wò nílé. Ọ̀nà ẹ̀bá odò tí wọ́n gbẹ́ láti Leeds dé Liverpool gùn tó 204 kìlómítà, ó sì tẹ́jú. Ẹ rìn ín dé Saltaire lọ́jọ́ kan, kí ẹ fi rélùwéè padà. Bí ẹsẹ̀ bá gbà, ẹ tẹ̀ síwájú dé Skipton lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ gbé àpò tí ẹ fẹ́ gbé lọ gan-an dání.

Nọ́ọ̀sì Leeds:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. N óò ṣe ti Saltaire ní ọ̀sẹ̀ yìí. Láti Saint-Jean ni n óò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, mo sì ti pinnu pé n kò ní wọ bọ́ọ̀sì lórí Meseta. Ní ti ìlérí, ọmọ mi ní Dublin, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n ìlérí fún àwọn ẹlòmíràn ni mo ti fi gbogbo ayé mi mú ṣẹ. Mo fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, bí òwúrọ̀ yẹn bá sì ṣì ń dúró dè mí nígbà tí mo bá dé, n óò padà wá sọ fún yín. Ohun kan ṣoṣo ló kù: bí ẹsẹ̀ bá dùn mí, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n sùn ju alẹ́ kan lọ ní albergue, ilé tí àwọn arìnnà ń sùn sí?

Arìnnà láti Dublin:

Ní ti ìjọba àti ti ìjọ, alẹ́ kan ni, àyàfi bí ara ẹni kò bá yá. Ti aládàáni máa ń gbani láyè. Ẹ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún un, Màmá, kí ẹ má bàa máa fi ẹsẹ̀ tó ń ro yín rìn.