Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọmọ mi wo Them, ó da oúnjẹ aládùúgbò nù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì rí ẹni bá sọ ọ́ nílé, torí iṣẹ́ alẹ́ ni bàbá àwọn ọmọ ń ṣe. Tó bá ti dé, oorun ni.

Oṣù kejì rèé tí a kó wá sí àdúgbò tuntun, ní Texas níbí. Láti ọjọ́ tí a ti dé Amẹ́ríkà, ilé àyágbé la wà. Èyí ni ilé àkọ́kọ́ tí a máa rà. Lójú títì wa, àwa nìkan ni èèyàn dúdú, ṣùgbọ́n mi ò ka ìyẹn sí. Ilé dáa, ilé-ìwé wà nítòsí, ó parí.

Àfi bí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, ṣe lọ wo eré adẹ́rùbani kan tí wọ́n ń pè ní Them lórí fóònù rẹ̀, níbi tí àwọn aládùúgbò òyìnbó ti ń fìyà jẹ ìdílé èèyàn dúdú kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Mi ò mọ̀. Apá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti sáà àkọ́kọ́ ló wò tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta, lábẹ́ aṣọ ìbora. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn aládùúgbò gbé àga síta, wọ́n ń mu bíà, àwọn ọmọ wọn ń gun kẹ̀kẹ́ kiri. Ọmọ yìí lọ fa gbogbo kọ́tìnì ilé pa dé. Ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ti jókòó sí iwájú ilé wa." Mo ní iwájú ilé tiwọn ni wọ́n jókòó sí. Ó ní bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, màmá àgbà òyìnbó kan tó wà lápá ọ̀tún wa gbé páì wá nínú àwo gíláàsì, ó ní òun fi kí wa káàbọ̀ ni. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, ọmọ ti da gbogbo rẹ̀ sínú ike ìdọ̀tí. Ó fọ àwo náà mọ́ tónítóní, ó dojú ẹ̀ délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì. Inú bí mi, díẹ̀ ló kù kí n nà án. Ló bá bi mí pé, "Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ilé pé èèyàn dúdú ò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀? Ṣé ó wà nínú tiwa?"

Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo eré yìí, ṣé kí n sọ fún un pé eré lásán ni? Àwo màmá yẹn ṣì wà nílẹ̀ o.

Ìyá Ìbejì
Ẹ pẹ̀lẹ́, ma. Ọdún 2021 tó jáde ni mo wò ó. Mo dé apá karùn-ún, mo pa á, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́ títí dòní. Ohun tí wọ́n ṣe sí ìyá yẹn àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀, mi ò ní kọ ọ́ síbí torí àwọn aboyún tó wà láàárín wa. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló lé mi. Ẹ̀rín tí wọ́n ń rín ni.

Àwọn èèyàn dúdú ilẹ̀ yìí gan-an bínú sí eré náà nígbà yẹn. Wọ́n ní ìrora àwọn ni wọ́n ń fi pawó. Àwọn kan ní rárá o, ẹ jẹ́ kí ayé rí i bó ṣe rí. Ní wọ́ọ̀dù wa, odidi ọ̀sẹ̀ kan la fi ń fa ọ̀rọ̀ yìí, àwọn méjì kan ò sì bá ara wọn jẹun pọ̀ mọ́.

Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17. Ẹ kọ́kọ́ fi pẹ̀lẹ́ bi ọmọ yín nípa apá karùn-ún yẹn. Ó lè jẹ́ pé kì í ṣe àga aládùúgbò ló ń dà á láàmú.

Bàbá Sùlè
Fíìmù ànjọ̀nú kì í wọ ilé mi. Ẹ ṣàdúrà sí omi, kí ẹ fi fọ fóònù náà. Ó tán.

Títí
Bàbá Sùlè, tí fóònù bá kú, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ra òmíràn fún un?

Àlàbí Chicago
Ma, ẹ má sọ fún un pé eré lásán ni o. Ọmọ yẹn máa wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á sì rí i pé ẹ parọ́ fún òun.

Ilé ni mo ń tà níbí, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí yé mi dáadáa. Ìdílé inú eré yẹn kúrò ní North Carolina lọ sí Compton, ní California, lọ́dún 1953. Bí èèyàn dúdú ṣe ń kó kúrò ní gúúsù nìyẹn, bíi mílíọ̀nù 6 ló kó kúrò láàárín 1910 sí 1970. Compton tí gbogbo wa mọ̀ sí ìlú èèyàn dúdú, àwọn òyìnbó ló kún ibẹ̀ nígbà náà. Gbólóhùn tí ọmọ yín ń béèrè wà lóòótọ́. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ èèyàn dúdú lára kò gbọdọ̀ rà á, kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀, àfi tó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Èmi náà ti fi ojú mi rí i nínú ìwé ilé àtijọ́ tí mo bá oníbàárà tà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ó wà láàárín ọ̀rọ̀ pé ògiri ò gbọdọ̀ ga ju báyìí lọ àti pé ẹnì kankan ò gbọdọ̀ sin adìyẹ. Èyí tó pa mí lẹ́nu mọ́ nìyẹn, pé àwa àti adìyẹ la jọ wà lójú ewé kan náà.

Lọ́dún 1948, ìdílé kan tó ń jẹ́ Shelley, ní St. Louis, gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n sì jàre. Ilé ẹjọ́ ní ìjọba ò lè bá ẹnikẹ́ni fi agbára mú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ mọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́. Ohun tí adájọ́ ò bá wọn ṣe mọ́, àwọn aládùúgbò wá ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Àwọn obìnrin òyìnbó tó gbé àga àti rédíò síwájú ilé ìdílé náà nínú eré yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ọdún 1968 ni òfin tó wá dẹ́kun rẹ̀.

Ọdún wo ni wọ́n kọ́ ilé yín? Tó bá jẹ́ ilé titun, ẹ fi ìwé yín hàn án, kí ó kà á fúnra rẹ̀.

Ẹni tó béèrè
2009 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹ ṣé gan-an, sà. Mi ò tilẹ̀ ka ìwé yẹn rí, a kàn ń tọwọ́ bọ̀ ọ́ ni.

Bùnmi, Manchester
Ẹ jẹ́ kí n yọjú díẹ̀. Ẹni tó ṣe ìyá nínú Them, Deborah Ayorinde, London ni wọ́n bí i sí. Irú eré bẹ́ẹ̀ kan náà ni Lovecraft Country tó jáde lọ́dún 2020, níbi tí Wunmi Mosaku ti ṣe Ruby. Zaria ni wọ́n bí Wunmi sí, ọ̀dọ̀ wa níbí ló dàgbà sí. Ẹ̀rù ò bá mi níbẹ̀, orúkọ ni mò ń wò. Títí eré fi parí ni mò ń pariwo pé ọmọ wa ni o!

Àlàbí Chicago
Mo wo ìyẹn náà. Ní apá àkọ́kọ́, ọlọ́pàá kan dá àwọn èèyàn dúdú inú eré náà dúró nínú igbó, ó ní oòrùn ò gbọdọ̀ wọ̀ bá èèyàn dúdú ní àdúgbò òun. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù. Wọn ò gbọdọ̀ sáré ju òfin lọ, ó sì ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kan ìdí tiwọn, wọ́n ń wo aago, wọ́n ń wo oòrùn. Mo dìde dúró nínú pálọ̀ mi. Nígbà tí àwọn ẹranko olójú púpọ̀ wá jáde láti inú igbó, ẹ gbà mí gbọ́, mo jókòó, ara tù mí. Ẹranko lásán nìyẹn.

Ìyá Ìbejì
Hmm. Nínú fíìmù tiwa, iwin á yọ, babaláwo tàbí pásítọ̀ á dé, ọ̀rọ̀ á bùṣe. Ta ni ẹ fẹ́ ránṣẹ́ pè sí ọlọ́pàá yẹn?

Títí
Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Bùnmi ń pariwo pé ọmọ wa ni. Tí wọ́n bá ń ṣe eré, ọmọ wa ni. Tí ọmọ bá dé láti ilé-ìwé, tó ní wọ́n bú òun, kí là ń wí? "Àwa kì í ṣe akátá, ìwé la wá kà." Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi títí mo fi pé ogún ọdún. Ọlọ́pàá tó dá ọkọ̀ mi dúró ò bi mí ní oríkì mi. Ma, ọmọ yín ti mọ̀ pé ara òun ni wọ́n ń wò. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò ka ìyẹn sí.

Ìyá Ìbejì
Títí, fi pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, àgbà ni wọ́n.

Ẹni tó béèrè
Ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́. Mo ti sọ gbólóhùn yẹn fún ọmọ mi rí, kódà nínú oṣù yìí.

Bàbá Sùlè
Ẹ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tán, ẹ wá gbọ́. Oklahoma ni mo kọ́kọ́ dé, 1981. Tákísí ni mò ń wà. Ní òru ọjọ́ kan, ẹnì kan sọ òkúta fọ́ fèrèsé yàrá tí ọmọ mi ń sùn sí. Ilẹ̀ mọ́, ọkùnrin òyìnbó iwájú ilé wa rọra gbé ìgbálẹ̀ wá, ó ń gbá gíláàsì, kò sọ nǹkan kan. Ojú títì kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé. Mi ò mọ ẹni tó sọ ọ́ títí mo fi kó kúrò níbẹ̀. Mo sì ń kí gbogbo wọn láràárọ̀.

Ìyá Ìbejì
Bàbá, ẹ ò sọ èyí fún wa rí.

Ma, ti àwo yẹn, ẹ má dá a padà lófìfo o. Òyìnbó kọ́, ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ yín.

Ẹni tó béèrè
Mo padà wá fún yín lábọ̀. Ó jẹ́wọ́ pé apá karùn-ún yẹn ni. Ó ní òun kì í lè sùn tí dádì ò bá sí nílé, torí ìyá yẹn nìkan ló wà nílé lọ́jọ́ náà. A sunkún díẹ̀. A jọ ka ìwé ilé lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ojú ewé mọ́kànlélógójì, ọ̀rọ̀ koríko àti àwọ̀ ọ̀dà ló pọ̀ jù. Ó ka gbogbo rẹ̀, kò fo ìlà kan.

Láàárọ̀ yìí mo dín àkàrà, mo kó o sínú àwo. Ó ní òun ló máa gbé e lọ, ṣùgbọ́n kí n dúró lójú fèrèsé, kí n má kúrò níbẹ̀. Mo dúró. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó padà wálé. Mo ní kí ni màmá wí? Ó ní wọ́n béèrè bóyá ata wà níbẹ̀. Mo ní kí lo wá sọ? Ó ní òun sọ pé rárá.

Ata rodo mẹ́rin ló wà níbẹ̀ o.