Ìgbì ọdọọdún tí DAMA rí: kí ló dé tí àwọn onímọ̀ kò gbà á?

Ìràwọ̀Alẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà físíìsì. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ni mí, ọ̀rọ̀ kan sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo kà nípa DAMA, àwọn tó fi kírísítálì wá dark matter (ohun àìrí tí wọ́n gbà pé ó kún àárín àwọn ìràwọ̀) lábẹ́ òkè Gran Sasso ní Ítálì. Wọ́n ní ohun tí kírísítálì àwọn ń kà máa ń pọ̀ sí i ní oṣù kẹfà, á sì dín kù ní oṣù kejìlá, bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ní 2018 wọ́n ní ó ti tó sígmà 12.9 (sígmà ni òṣùwọ̀n bí ohun tí a rí ṣe jìnnà tó sí èèṣì lásán). Sígmà 5 péré ni wọ́n fi ń kéde ohun tuntun níbòmíràn! Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà? Ṣé ìlara ni? Ohun kejì: bí dark matter kò bá ń tan ìmọ́lẹ̀, báwo ni kírísítálì ṣe ń tàn nítorí rẹ̀?

AlákàÌtànṣán:
Àbúrò mi, jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn wá, torí ìbéèrè rẹ kejì ni mo lè fi ojú ara mi jẹ́rìí sí. Ọdún mẹ́fà ni mo lò ní yàrá ìwádìí kan tí a ti ń fi kírísítálì sódíọ̀mù áyódáìdì, irú èyí tí DAMA lò, ka ìtànṣán. Ìbátan iyọ̀ tí à ń jẹ ni. Ó mọ́ gaara bíi gíláàsì, àmọ́ bí o bá gbé e lọ́wọ́, ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Wọ́n máa ń po tálíọ́mù díẹ̀ mọ́ ọn. Bí ohun kan bá gbá átọ́ọ̀mù inú rẹ̀, agbára náà á rìn kiri títí á fi kan ibi tí tálíọ́mù wà, ibẹ̀ ni yóò ti bọ́ jáde bí ìmọ́lẹ̀ búlúù. Ó kéré débi pé ojú kò lè rí i. Awò PMT tí wọ́n so mọ́ ọn ló ń rí i, tó ń sọ ọ́ di iná mànàmáná. Dark matter kọ́ ló tàn o. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ń kọjá nínú òkùnkùn tó fi èjìká kọ lu àga: àga lo gbọ́, o kò rí ẹni náà.

Ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan ló ń kọ lu àga yìí, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí a bá fi kírísítálì wa sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láì gbé ohunkóhun sí iwájú rẹ̀, bí ilẹ̀ bá mọ́ a máa bá òkè kékeré kan nínú àwòrán ìlà ojú kọ̀ǹpútà, lórí 1461 keV gẹ́lẹ́ (keV ni a fi ń wọn agbára ìtànṣán). Pọtásíọ̀mù 40 ni, irú pọtásíọ̀mù tó ń tú ìtànṣán, láti inú ògiri, àní láti inú ara àwa tí à ń rìn kọjá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Pọtásíọ̀mù kan náà, bó bá wà nínú kírísítálì fúnra rẹ̀, a máa fi àmì kékeré kan sílẹ̀ ní nǹkan bíi 3 keV. Wàyí o, láàárín 2 sí 6 keV ni DAMA ti rí ìgbì wọn. Ṣé o rí bí ọ̀tá ṣe ń gbé inú ilé?

Ìdí nìyí tí wọ́n fi sá wọ abẹ́ òkè. Àpáta tó wà lórí Gran Sasso nípọn tó mítà 1,400, ó sì ń dín múọ́ọ̀nù, ìyẹn èérún kéékèèké tó ń rọ̀ láti òfurufú, kù ní ìlọ́po mílíọ̀nù kan. Àpáta náà tún ní ìtànṣán tirẹ̀, ni wọ́n bá fi bàbà àti òjé yí kírísítálì ká. Òjé tuntun pàápàá kò mọ́ tó, torí òjé 210, irú òjé tó ń tú ìtànṣán, wà nínú rẹ̀, ọdún 22 sì ni ìdajì rẹ̀ fi ń kú. Àwọn ANAIS ní Sípéènì, tó ń fi irú iyọ̀ kan náà wá ìgbì yìí, fi òjé àtijọ́ ṣe ìpele tó sún mọ́ kírísítálì wọn jù, èyí tí èèyàn ti yọ́ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Mo fẹ́ràn èyí gan-an: ẹni tó yọ́ òjé yẹn kò mọ ohun tí a ó fi ṣe.

Iyọ̀ náà tún ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Èdìdì ọ̀kan nínú tiwa là díẹ̀, kò sẹ́ni tó tètè mọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òkè tó máa ń dúró ṣánṣán lójú kọ̀ǹpútà sì ti fẹ̀ kalẹ̀ bí amọ̀ tútù. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan, bíi DAMA, tọ́jú kírísítálì 25, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo tó kílò 9.7, fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo máa ń bọ̀wọ̀ fún un. Nítorí náà má pe ọ̀rọ̀ yìí ní ìlara.

ÒǹkàwéṢíṣí:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìgbì náà kún un. Oòrùn ń gbé wa sáré nínú agbo ìràwọ̀ wa ní nǹkan bíi kìlómítà 230 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ayé náà ń yí oòrùn po ní kìlómítà 30. Ní oṣù kẹfà ìrìn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ojú sí apá kan náà, ní oṣù kejìlá wọ́n kọ ẹ̀yìn síra. Bí dark matter bá kún agbo ìràwọ̀, ó yẹ kó máa fẹ́ lù wá bí atẹ́gùn tó le díẹ̀ ní oṣù kẹfà. Nǹkan bí ọjọ́ 2 oṣù náà ló yẹ kó ga jù, ibẹ̀ náà ni ti DAMA sì bọ́ sí.

Ìṣòro ni pé nǹkan tó ń tẹ̀lé ọdún pọ̀. Múọ́ọ̀nù pàápàá a máa pọ̀ sí i nígbà ooru Yúróòpù tí afẹ́fẹ́ òkè bá fẹ́lẹ́. Àwọn kan tún sọ ní 2020 pé bí èèyàn bá ń yọ ìpíndọ́gba ọdọọdún kúrò nínú ohun tó kà, tí ariwo abẹ́lẹ̀ (ìtànṣán mìíràn tí kírísítálì ń kà) sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ìgbì tí kò sí á jáde wá. COSINE-100 ní Kòríà Gúúsù, tí wọ́n lo irú iyọ̀ kan náà, fi ọgbọ́n ìṣirò kan náà dán tiwọn wò: ìgbì jáde lóòótọ́, àmọ́ ó dojú kọ apá kejì sí ti DAMA.

Ìràwọ̀Alẹ́:
Háà! Ó ti ń yé mi. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé àwọn ìwádìí dark matter mìíràn tó ń lo xenon (gáàsì tí wọ́n mú tutù di omi) bíi LZ àti XENONnT kò rí nǹkankan. Ṣé ìyẹn kò ti parí ẹjọ́ náà?

AlákàÌtànṣán:
Kò parí rẹ̀ pátápátá, àbúrò. Xenon kì í ṣe sódíọ̀mù, kì í sì í ṣe áyódíìnì. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà DAMA á ní ohun náà lè máa gbá átọ́ọ̀mù kan ju òmíràn lọ. Iyọ̀ kan náà ló lè dáhùn iyọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ka iṣẹ́ COSINE-100 àti ANAIS-112 sí ju gbogbo xenon ayé lọ lórí ẹjọ́ yìí. Kílò 106 ni ti Kòríà, ní Yangyang, kílò 112.5 ni ti Sípéènì, ní Canfranc, kírísítálì mẹ́sàn-án, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017. ANAIS ka ọdún mẹ́fà, kò rí ìgbì, ohun tó kà sì ta ko ti DAMA ní nǹkan bíi sígmà 4. Ti COSINE náà kọjá sígmà 3.

Tèmi ni pé DAMA kò rí dark matter. Ó dùn mí láti sọ ọ́, torí mo mọ iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ihò kan ṣì kù tí wọn kò tíì dí tán: ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí sódíọ̀mù ń mú jáde nígbà tí nǹkan bá gbá kókó rẹ̀. DAMA fi í sí nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wọn rí ohun tó kéré sí i. Bí kírísítálì bá yàtọ̀ síra lórí èyí, 2 keV ti ibí kì í ṣe 2 keV ti ọ̀hún.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni èyí: bí kì í bá ṣe dark matter, kí ni? Ìgbì náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì tọ́ka sí ohun kan tí gbogbo wa gbà pé òun ló fà á.

Ìràwọ̀Alẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ta ni kí n máa wò báyìí?

AlákàÌtànṣán:
Máa wo SABRE, ìwádìí mìíràn tó ń lo iyọ̀ náà, pàápàá apá rẹ̀ tó wà ní Stawell ní Ọsirélíà, nínú ibi ìwakùsà góòlù, ní ìjìnlẹ̀ tó lé ní kìlómítà kan. Òtútù ni wọ́n ń mú níbẹ̀ nígbà tí Ítálì ń mú ooru. Bí ojú ọjọ́ bá ló ń fa ìgbì, tiwọn á yí padà sí oṣù kejìlá. Bí ó bá ti agbo ìràwọ̀ wá, oṣù kẹfà náà ni. Tún wo COSINUS ní Gran Sasso: wọ́n ń mú iyọ̀ náà tutù dé ibi tí a ti lè ka ooru àti ìmọ́lẹ̀ pọ̀, kí a lè mọ̀ bóyá kókó átọ́ọ̀mù ni nǹkan gbá tàbí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ká ní a ní irú rẹ̀ nígbà tèmi ni, n kì bá tí kúrò ní yàrá yẹn.